Ìtọ́jú ìlera àti ìrànlọ́wọ́ ìgbé-ayé fún àwọn àgbàlagbà nínú ilé: ibo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀ láti so wọ́n pọ̀?

Aṣètò Ìtọ́jú (olùbéèrè)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa níbí. Mo wà lára àwọn tí ń ṣe kòkárí ẹgbẹ́ kékeré kan tí ń rán òṣìṣẹ́ lọ bẹ àwọn àgbàlagbà wò nínú ilé wọn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ wa ti pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan jẹ́ ti ìlera: àwọn nọ́ọ̀sì tí ń wẹ egbò, tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ wò, tí ń fúnni lábẹ́rẹ́. Ọ̀nà kejì jẹ́ ti ìgbé-ayé: àwọn olùrànlọ́wọ́ tí ń wẹ àgbàlagbà, tí ń bá a wọṣọ, tí ń tún ilé ṣe, tí ń bá a ra nǹkan, àti òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ owó ìrànwọ́ àti aáwọ̀ ẹbí. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá tirẹ̀, ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀ àti àpò owó tirẹ̀.

Ohun tí ó ń dà wá láàmú ni pé ilé kan náà ni gbogbo wa ń wọ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ẹnì kejì rí níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì lè rí i ní àárọ̀ pé ẹsẹ̀ àgbàlagbà kan ti wú, kí ó kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ tí yóò dé ní ọ̀sán má sì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ náà lè ti ṣàkíyèsí tipẹ́ pé oúnjẹ tí òun ń gbé kalẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dín kù mọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí yóò sọ ọ́ sí tí yóò fi dé etí dókítà. Bí wọ́n bá gbé àgbàlagbà náà lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n sì dá a sílẹ̀, ó lè ti dé ilé fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹnikẹ́ni tó rántí láti sọ fún wa. Àwọn àgbàlagbà fúnra wọn ń ráhùn pé ìbéèrè kan náà ni ẹni tí ó bá wọlé ń bi àwọn, àti pé ó ti sú àwọn láti máa ka ìtàn àìsàn àwọn fún àjèjì.

Àwọn kan láàrin wa ní kí a da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ̀gá kan ṣoṣo. Àwọn mìíràn ní kí a ra ètò kọ̀ǹpútà tí gbogbo òṣìṣẹ́ yóò máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Àwọn kan sì gbà pé ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ti tó. Mi ò fẹ́ kí a ná owó sórí ohun tí kò ní dé yàrá tí àgbàlagbà náà ń sùn sí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dá sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe iṣẹ́ yìí rí.

Nọ́ọ̀sì Abẹ̀lé

Ẹ kú àníyàn o, Aṣètò. Nínú ohun mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn, kò sí èyí tí màá fi ṣe àkọ́kọ́. Èyí tí ó yẹ kí ó ṣáájú ni pé kí àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ ìtọ́jú rẹ̀ díjú ní ẹnì kan pàtó tí òun àti ẹbí rẹ̀ mọ̀ lórúkọ, tí wọ́n ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, tí yóò sì máa dáhùn fún ìtọ́jú náà látòkèdélẹ̀. Ẹran tí gbogbo ilé bá jọ ń sìn, ebi ni í sábà sùn. Bí nọ́ọ̀sì, dókítà, olùrànlọ́wọ́ àti òṣìṣẹ́ àwùjọ bá jọ ń tọ́jú ẹnì kan láìsí ẹni tí ń wo gbogbo rẹ̀ pọ̀, oníkálùkù lè ṣe tirẹ̀ dáadáa, kí ọ̀rọ̀ àgbàlagbà náà sì tún bọ́ sáàárín wọn.

Nígbà tí Jàpáànù dá adójútòfò ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ sílẹ̀ ní 2000, wọn kò fi èyí sílẹ̀ fún oríire. Ẹni tí wọ́n bá yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé ó nílò ìtọ́jú, ń ní alábòójútó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jókòó ti òun àti ẹbí rẹ̀ kí wọ́n jọ ṣe ètò: ọjọ́ wo ni nọ́ọ̀sì yóò wá, ọjọ́ wo ni wọn yóò wẹ̀ ẹ́, ọjọ́ wo ni yóò lọ sí ibùdó àwọn àgbàlagbà, ta ni yóò gbé e lọ. Bí ara rẹ̀ bá yí padà, alábòójútó yẹn kan náà ni yóò pe gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn láti tún ètò náà ṣe. Láti 2006 ni wọ́n tún ti ń ní ibùdó ìrànlọ́wọ́ ní àdúgbò, níbi tí nọ́ọ̀sì ìlera àwùjọ, òṣìṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ àwùjọ àti àgbà alábòójútó ìtọ́jú ti ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan. Ohun tí ó kàn yín nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ẹ bá yàn gbọ́dọ̀ ní àṣẹ. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni yóò máa bẹ̀bẹ̀ kí ẹ̀ka kejì tó dá a lóhùn, orúkọ lásán ni ẹ fún un.

Lẹ́yìn èyí ni àyẹ̀wò kàn. Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan máa dá tirẹ̀ ṣe mọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde ní 2017 lórí ìtọ́jú alásopọ̀ fún àwọn àgbàlagbà, wọ́n sì fi ìwé ìtọ́sọ́nà fún àwọn òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e ní 2019. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ àìsàn. Ohun mẹ́fà tí ara àti ọkàn ènìyàn ń ṣe ni wọ́n ní kí a kọ́kọ́ wò: ìrántí, ìrìn, oúnjẹ jíjẹ, ojú, etí, àti bóyá ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú un. Àwọn ìbéèrè àkọ́kọ́ kò le rárá. Ẹ ó sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta fún un kí ó tún wọn sọ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ẹ ó bi í bóyá ó ti fọn ju kílò 3 lọ láàrin oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ó fẹ́ fọn. Ẹ ó ní kí ó dìde lórí àga nígbà márùn-ún láìfi ọwọ́ ti ara rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò parí rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá 14. Olùrànlọ́wọ́ tí a bá ti kọ́ lè ṣe é gẹ́gẹ́ bí nọ́ọ̀sì ṣe lè ṣe é, ẹni tí a bá sì rí ìṣòro lára rẹ̀ ni a ó fà lé dókítà lọ́wọ́ fún àyẹ̀wò tí ó jinlẹ̀. Nínú ìjókòó kan náà ni kí ẹ ti béèrè nípa ilé: ṣé àtẹ̀gùn wà níbẹ̀, ṣé iná mọ́lẹ̀ tó lóru, ta ni wọ́n jọ ń gbé, ta ni ó ń bójú tó owó rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹni tí ó bá dé lẹ́yìn náà kà á.

Ìbéèrè kan wà tí kì í sábà sí nínú fọ́ọ̀mù, òun ni mo sì fẹ́ràn jù: kí ni ẹ̀yin fúnra yín fẹ́ máa lè ṣe? Ẹnì kan lè má ka ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí nǹkan kan, kí ó jẹ́ pé bí yóò ṣe dá wẹ̀ láìsí àjèjì níbẹ̀ ni ó ká a lára jù. Bí ètò ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, nọ́ọ̀sì, ẹni tí ń fi eré ìdárayá tún ìrìn ṣe, àti olùrànlọ́wọ́ á ní iṣẹ́ kan náà láti ṣe pọ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Fredericia ní Dẹ́nmáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí ní 2008: kí wọ́n tó fún ènìyàn ní ẹni tí yóò máa bá a ṣe nǹkan, wọ́n á kọ́kọ́ lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti kọ́ ọ bí yóò ṣe tún máa ṣe é fúnra rẹ̀. Láti 2015 ni òfin orílẹ̀-èdè náà ti ní kí gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ máa fi irú ìrànlọ́wọ́ yìí lọ ẹni tí wọ́n bá rí i pé ó lè jàǹfààní rẹ̀. Ẹ kàn ṣọ́ra kí ẹnikẹ́ni má fi í bojú láti gba ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́ ẹni tí agbára rẹ̀ kò lè padà mọ́, nítorí mo mọ bí àwọn tí ń ṣọ́ owó ṣe ń ronú.

Apòògùn

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ìgbà kan ṣoṣo tí ẹ ó kọ́kọ́ gbájú mọ́, ọjọ́ tí àgbàlagbà kúrò ní ilé ìwòsàn ni màá mú. Ọjọ́ yẹn ni agbára rẹ̀ kéré jù, ọjọ́ yẹn ni oògùn rẹ̀ yí padà jù, ọjọ́ yẹn náà sì ni ojúṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Mary Naylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania tẹ ìwádìí kan jáde ní 1999 tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àgbàlagbà 363 tí àìsàn wọn lè tètè dá wọn padà sí ilé ìwòsàn. Àwọn kan gba ìtọ́jú bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ní ti àwọn yòókù, nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ṣẹ́ dé góńgó mọ̀ wọ́n láti orí ibùsùn ilé ìwòsàn, ó sì ń tẹ̀ lé wọn nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 24 fi pé, nǹkan bí 37 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti dá padà sí ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n nǹkan bí 20 ni láàrin àwọn tí nọ́ọ̀sì tẹ̀ lé. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹ̀rọ tuntun kankan nínú rẹ̀. Ẹnì kan náà ni ó rí aláìsàn níbẹ̀, tí ó sì tún rí i nílé.

Ní ti oògùn, ìlànà tí mo máa ń dábàá kò gba owó. Láàrin ọjọ́ méjì tí àgbàlagbà bá dé ilé, kí ẹnì kan kó gbogbo oògùn tí ó wà nínú ilé sórí tábìlì, ti àtijọ́, ti tuntun àti èyí tí wọ́n fúnra wọn rà, kí ó sì fi wọ́n wé ìwé tí ilé ìwòsàn kọ. Oògùn kan náà lè wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ méjì, kí àgbàlagbà máa lo méjèèjì ní òtítọ́ inú. Èyí tí dókítà dá dúró lè ṣì wà nínú àpótí ìbùsùn. Àwọn oògùn kan sì wà tí kò bá ara àgbà mu mọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ń lò wọ́n tipẹ́. Dókítà Mark Beers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ to irú wọn sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1991, àwọn onímọ̀ mìíràn sì ń tún àtòjọ náà ṣe títí di òní. Oògùn oorun wà lára wọn, àti àwọn oògùn kan fún àpò ìtọ̀ tí ó lè da ìrántí rú. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ó pọ̀ jù ń mú kí òòyì kọ́ ènìyàn bí ó bá dìde lójijì.

Ìdí tí mo fi ń sọ èyí fún ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín kì í ṣe ti oògùn ni ìṣubú. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé láàrin àwọn ẹni ọdún 65 sókè, nǹkan bí 28 sí 35 nínú ọgọ́rùn-ún ni ń ṣubú lọ́dọọdún. Olùrànlọ́wọ́ tí ń bá àgbàlagbà dìde lárọ̀ọ̀ ni ó ń rí i bí ó ṣe ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́. Èmi tí mo lè dábàá kí wọ́n dín oògùn rẹ̀ kù kò sí níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ olùrànlọ́wọ́ yẹn kò bá ní ọ̀nà tí yóò fi dé ọ̀dọ̀ mi, àṣepọ̀ tí a ń sọ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Tí Ń Tọ́jú Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ẹ kà sílẹ̀ láti òkè ni ó ń lọ sílé rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Èmi ni mo wà níbẹ̀ lóru. Ní ọ̀pọ̀ ilé, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wákàtí ìtọ́jú ló jẹ́ pé ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ ni ó ń ṣe é, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, síbẹ̀ fọ́ọ̀mù kì í béèrè ju orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹbí lọ. Bí àwa tí a wà nínú ilé bá dá wó, ètò yín náà wó nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ kò pọ̀. A fẹ́ kí ẹnì kan kọ́ wa bí a ṣe ń gbé ènìyàn láti orí ibùsùn sí orí àga tí ẹ̀yìn ẹni kò fi ní dá, bí a ṣe ń yí ẹni tí ó dùbúlẹ̀ padà kí egbò ìdùbúlẹ̀ má bàa mú un, àti ohun tí a ó ṣe bí ẹni tí iyè rẹ̀ ti rà bá ń jà pé òun fẹ́ lọ sílé nígbà tí ó wà nílé. A fẹ́ mọ àmì tí ó yẹ kí a torí rẹ̀ sáré àti èyí tí ó lè dúró di ilẹ̀ mọ́. A fẹ́ kí wákàtí àbẹ̀wò dúró sójú kan, nítorí ẹni tí ó bá ní òun ń bọ̀ láàrin àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ ti gba gbogbo ọjọ́ lọ́wọ́ mi. A sì fẹ́ ìsinmi. Kí ẹnì kan wá dúró níbẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan kí a lè sùn, tàbí kí àwa náà lọ rí dókítà tiwa.

Mo gbọ́ pé adójútòfò ìtọ́jú tí Jámánì bẹ̀rẹ̀ ní 1995 gbà pé iṣẹ́ ni èyí. Ẹni tí ó nílò ìtọ́jú lè yàn láti gba owó lọ́wọ́ kí ó fi ran ẹbí tí ń tọ́jú rẹ̀ lọ́wọ́ dípò kí wọ́n rán òṣìṣẹ́ sí i, adójútòfò náà sì ń dá owó ìfẹ̀yìntì fún ẹbí tí wákàtí ìtọ́jú rẹ̀ bá tó iye tí òfin sọ. Mi ò ní kí ẹgbẹ́ kékeré ṣe èyí. Mo kàn fẹ́ kí ẹ máa yẹ èmi náà wò nígbà tí ẹ bá ń yẹ ìyá mi wò, kí ẹ sì bi mí nígbà tí ìyá mi kò sí nítòsí, torí mi ò ní sọ òtítọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ẹ má torí pé ọmọ ń sọ̀rọ̀ kí ẹ gbàgbé ìyá. Nígbà mìíràn ohun tí àwa ọmọ ń fẹ́ ni kí ọkàn tiwa balẹ̀: kí a ti ìlẹ̀kùn, kí a gba kọ́kọ́rọ́, kí ó má jáde mọ́. Ẹni tí ẹ bá yàn sí ọ̀rọ̀ ilé wa gbọ́dọ̀ lè sọ fún èmi náà pé ìyá mi ní ẹ̀tọ́ láti kọ̀.

Aṣètò Ìtọ́jú (olùbéèrè)

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọ̀rọ̀ nípa ẹbí yẹn gún mi lọ́kàn, nítorí a kò ní ojú ìwé kankan fún wọn. Ohun méjì ṣì ń dí wa lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni àṣírí: àwọn nọ́ọ̀sì wa ní ìlànà iṣẹ́ àwọn kò gba kí àwọn fi ìwé ìlera han olùrànlọ́wọ́. Èkejì ni owó. Bí a bá yan ẹnì kan láti máa dáhùn fún gbogbo ìtọ́jú, àpò wo ni owó oṣù rẹ̀ yóò ti jáde? Ẹ̀ka ìlera ń wo ẹ̀ka àwùjọ, ẹ̀ka àwùjọ náà sì ń wo ẹ̀ka ìlera.

Akápò Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Aṣètò, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìdí tí wọ́n fi ń wo ara wọn ni pé ẹni tí ń náwó kọ́ ni ẹni tí èrè rẹ̀ ń bọ́ sí lọ́wọ́. Bí olùrànlọ́wọ́ bá ń lọ ní àfikún ìgbà tí àgbàlagbà kò fi ṣubú, àpò àwùjọ ni owó ti jáde, ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn ni kò ní ná owó iṣẹ́ abẹ. Níwọ̀n ìgbà tí àpò bá jẹ́ méjì, kò sí ìpàdé tí yóò yí èyí padà.

Ètò tí mo rí tí ó kojú èyí tààrà jù lọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní PACE ní Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ On Lok ní San Francisco ni ó ti ṣẹ̀ wá, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, òfin ìjọba àpapọ̀ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1997. Ẹni ọdún 55 sókè tí àìlera rẹ̀ ti tó ti ẹni tí ó yẹ kí ó wà ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ṣùgbọ́n tí ó ṣì lè gbé ilé rẹ̀ láìléwu bí ó bá rí ìrànlọ́wọ́, ni wọ́n ń gbà. Owó ìlera àti owó ìtọ́jú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ń bọ́ sínú àpò kan ṣoṣo, iye kan pàtó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù, láti inú èyí tí ètò náà yóò ti san owó dókítà, oògùn, ìwẹ̀, ọkọ̀, títí kan ilé ìwòsàn. Nítorí náà, bí ilẹ̀ tí kì í yọ̀ nínú ilé ìwẹ̀ bá lè dènà egungun ìbàdí dídá, àǹfààní tiwọn ni láti tún un ṣe. Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni pé nínú ipò mọ́kànlá tí òfin ní kí ó wà nínú ìgbìmọ̀ ìtọ́jú, olùrànlọ́wọ́ tí ń wẹ àgbàlagbà wà níbẹ̀, awakọ̀ náà sì wà níbẹ̀, nítorí awakọ̀ ni ó ń mọ̀ bóyá ènìyàn tètè jáde lónìí bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Skọ́tlándì gba ọ̀nà òfin. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2014 mú kí àjọ ìlera àti ìjọba ìbílẹ̀ da ìṣúná ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà pọ̀ sábẹ́ àwọn aláṣẹ àjùmọ̀ní, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní 2016. Ẹgbẹ́ yín kò lè ṣe òfin. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yọ ìpín kékeré kan sínú àpò kẹta tí ẹ̀ka méjèèjì yóò jọ máa bu ọwọ́ lù, kí owó alábòójútó àti owó àwọn nǹkan kéékèèké, irú bí ọ̀pá ìdìmú ilé ìwẹ̀, ti máa jáde láti ibẹ̀ láìdúró de ìpàdé.

Ẹ má sì kó gbogbo àwọn tí ẹ ń tọ́jú wọnú rẹ̀. Olùwádìí Walter Leutz kọ ọ́ ní 1999, lẹ́yìn tí ó ti yẹ ìrírí Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì wò, pé a lè so díẹ̀ nínú iṣẹ́ pọ̀ fún gbogbo ènìyàn, a sì lè so gbogbo iṣẹ́ pọ̀ fún àwọn ènìyàn díẹ̀, ṣùgbọ́n a kò lè so gbogbo iṣẹ́ pọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ó tún sọ pé àsopọ̀ a máa náni lówó kí ó tó pa owó wọlé. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí fún ìgbìmọ̀ yín pé owó yóò dín kù ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ má gbà á gbọ́. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, tí ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni ó ń bá jà, kò nílò alábòójútó. Ìwífún tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ ti tó o. Àwọn tí wọ́n ń wọlé-jáde ilé ìwòsàn, àwọn tí iyè wọn ti ń rà tí wọ́n sì ń dá gbé, àwọn tí ẹbí wọn ti fẹ́ dá kú, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Ní ti àṣírí, ẹ bi àgbàlagbà náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó gbà kí ẹni báyìí mọ nǹkan báyìí, kí ó sì mọ̀ pé òun lè yí i padà. Olùrànlọ́wọ́ kò nílò gbogbo ìtàn àìsàn rẹ̀. Ó nílò láti mọ̀ bóyá omi lè sá a lórí, bóyá ó ń ṣubú, bóyá òùngbẹ àti òógùn lè jẹ́ àmì pé ṣúgà rẹ̀ ti yí, àti ẹni tí yóò pè. Èyí gba ojú ewé kan.

Olùrànlọ́wọ́ Ilé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Akápò tí ó rántí wa. Níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, wákàtí tí mo bá wà nínú ilé àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń san owó rẹ̀. Bí wọ́n bá pe ìpàdé, owó ara mi ni màá fi wọkọ̀ lọ, ilé méjì ni màá sì pàdánù. Ẹ kò ní rí wa níbẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé a kò bìkítà.

Ẹ má tíì ra ètò kọ̀ǹpútà. Ẹ fi ìwé kan sílẹ̀ nínú ilé àgbàlagbà, ibì kan tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí nọ́ọ̀sì, èmi, ẹbí, àti dókítà bí ó bá wá, máa kọ ìlà méjì mẹ́ta sí i: ohun tí mo rí, ohun tí mo ṣe, ohun tí ẹni tí ń bọ̀ gbọ́dọ̀ wò. Àgbàlagbà náà lè kà á, òun ló ni ín. Bí ìwé yẹn bá ń kún déédéé, ẹ ó mọ ohun tí ẹ fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe fún yín. Bí kò bá kún, kọ̀ǹpútà náà kò ní kún.

Olùkọ́ Nọ́ọ̀sì

Mo fẹ́ tako Nọ́ọ̀sì Abẹ̀lé díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo lè ṣàìsàn, ó lè gba ìsinmi, ó lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní Nẹ́dálándì, ẹgbẹ́ Buurtzorg, tí nọ́ọ̀sì Jos de Blok dá sílẹ̀ ní 2006, ń lo ọ̀wọ́ kékeré tí kì í ju nọ́ọ̀sì 12 lọ fún àdúgbò kan. Nọ́ọ̀sì tí ó wẹ egbò lè jẹ́ òun kan náà ni yóò wẹ ara onítọ̀hún, òun náà ni yóò bá dókítà àti àwọn aládùúgbò sọ̀rọ̀, kò sì sí ọ̀gá tí ó jókòó sí ọ́fíìsì tí ń pín iṣẹ́ fún wọn. Àwọn ojú tí àgbàlagbà ń rí dín kù, ohun tí ẹnì kan kò sì mọ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ọ̀wọ́ mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Abẹ̀lé

Òótọ́ ni ẹ sọ, ẹ̀yin olùkọ́ wa, kò sì tako tèmi tó bí ẹ ṣe rò. Nínú ọ̀wọ́ náà, àgbàlagbà ṣì gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ pè. Ohun tí ó jẹ́ kí n má dábàá rẹ̀ fún Aṣètò ni pé ó gba nọ́ọ̀sì púpọ̀, nọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wọn kò sì tó nǹkan. Màá so olùrànlọ́wọ́ méjì tàbí mẹ́ta mọ́ nọ́ọ̀sì kan ní àdúgbò kan, kí àwọn kan náà máa lọ sí àwọn ilé kan náà. Bí nọ́ọ̀sì kò bá sí, olùrànlọ́wọ́ tí ó mọ ilé náà jù ni yóò gba ìpè.

Aṣètò Ìtọ́jú (olùbéèrè)

Mo ti bá àwọn ọ̀gá ẹ̀ka méjèèjì sọ̀rọ̀. A ó mú àdúgbò kan, a ó sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan àti olùrànlọ́wọ́ mẹ́ta ni yóò wà níbẹ̀, ìwé yóò wà nínú ilé, ojú ewé kan nínú rẹ̀ yóò sì jẹ́ ti ẹbí. Ohun tí a ó máa wò kò ju mẹ́rin lọ: ọjọ́ mélòó ni ó wà láàrin ìgbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ àti àbẹ̀wò àkọ́kọ́, ṣé wọ́n ti fi oògùn rẹ̀ wé ìwé ilé ìwòsàn, ṣé ó lè dárúkọ ẹni tí yóò pè, àti ṣé ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀ nílé rí ìsinmi kankan gbà. Ẹ̀ka ìlera ti gbà láti san ìdajì owó nọ́ọ̀sì náà sínú àpò kẹta tí Akápò dábàá. Èyí tí ó kù tí a ṣì ń jiyàn lé lórí ni owó wákàtí ìpàdé fún àwọn olùrànlọ́wọ́, mo sì ti sọ fún wọn pé a kò ní dá ọjọ́ ìpàdé àkọ́kọ́ títí tí a ó fi fẹnu kò lórí rẹ̀.